Ẹni Tó Fa Okùn Pupa

"Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè, Sájẹ́ǹtì," ni Adétùtù wí.

Ìbíwùmí gbọ́ ọ dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan rẹ̀, wọn ò sì mira. Lókè orí wọn, dírónù kékeré kan tí kò ju àwo ọbẹ̀ lọ ń fò yíká inú yàrá, ó ń kùn bí oyin tó há sínú ìkòkò òfìfo. Ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ òsì Ìbíwùmí, tó ń bá a ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ti kúrò ní àwọ̀ ewé. Ó ti di àwọ̀ ọsàn, ó sì ń lọ sí pupa.

"Ẹ sọ ohun tí ẹ ń rí fún mi."

"Mo ń rí i."

"Kí lẹ ń rí?"

"Ó ní apá mẹ́rin. Funfun ni. Iná kékeré kan wà lábẹ́ ikùn rẹ̀."

"Ibo la wà?"

"Ilé Àtẹ̀gùn. Ní Ìdànrè."

"Ta ló ń darí ohun tó ń fò yẹn?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè."

Ọwọ́ náà kò lọ sókè.

Adétùtù kò pa ẹ̀rọ náà. Kì í pa á nígbà tí ẹ̀rù bá ṣì wà ní góńgó. Ó ti sọ fún Ìbíwùmí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé bí òun bá pa á nígbà yẹn, ohun tí ara rẹ̀ máa kọ́ ni pé pípa tí wọ́n pa á ló gba òun là. Nítorí náà, àwọn méjèèjì jókòó. Ẹ̀rọ náà ń kùn, ó ń yí. Òógùn ń sàn lẹ́yìn ọrùn Ìbíwùmí. Nígbà tó yá, pupa fi ẹ̀gbà náà sílẹ̀, àwọ̀ ọsàn padà dé, ó sì rọra ń fà sí àwọ̀ ewé. Ìgbà náà ni Adétùtù tó sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀, tó gbé e sínú àgò, tó sì ti ilẹ̀kùn àgò.

"Ọwọ́ yín ò tíì lọ sókè," ló wí, "ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ lásán ni mo fi hàn yín lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ sì bì sára aṣọ mi."

"Ẹ má bínú sí ìyẹn."

"Mo ti fọ̀ ọ́. Ṣé ẹ máa wá lọ́la?"

"Màá wá."

Obìnrin tó ti hewú ni Adétùtù. Láti ìgbà tí Ogun Adágún ti parí ló ti ń ṣe ìtọ́jú àwọn sójà tó bọ̀ láàyè. Bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Àwòrán dírónù ni ó kọ́kọ́ ń gbé síwájú èèyàn, lẹ́yìn náà dírónù tó ti bàjẹ́, lẹ́nu ọ̀nà. Ó sì máa ń gbé e sórí tábìlì tó bá yá, kí èèyàn fi ìka yí apá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ló kàn, kó tó wá di pé ó ń fò, tí èèyàn á sì gbé ọwọ́ sókè lábẹ́ rẹ̀. Èèyàn á dúró lórí ìgbésẹ̀ kan títí ẹ̀rù yóò fi rẹ ara rẹ̀, kó tó gun òmíràn. Orí gbígbé ọwọ́ sókè ni Ìbíwùmí há sí.

Ohun tó ń dá ọwọ́ náà dúró kò farasin. Nígbà ogun, tí àwọn ìjọba ń jà nítorí omi tó kù nínú Adágún ní òkè Ọya, òun ló ń gbé rédíò fún ikọ̀ rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àwọn dírónù ọlọ́dẹ bá wọn nínú sítọ́ọ̀ ẹ̀pà kan tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí. Ọlọ́dẹ kì í yìnbọn sí ohun tí kò bá mira. Àwọn tó sáré kú lójú ọ̀nà. Ẹni tó na ọwọ́ láti fa ẹnìkejì rẹ̀ wọlé, òun náà kú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà. Ìbíwùmí wà lábẹ́ àwọn àpò ẹ̀pà, kò mira títí wọ́n fi lọ. Láti ìgbà náà, ara rẹ̀ gbà pé bí ìkùn bá ti wà lókè, ẹni tó bá gbé ọwọ́ ti kú. Orí rẹ̀ mọ̀ pé ogun ti parí. Ara rẹ̀ ni kò tíì gbọ́.

Ó jáde kúrò ní Ilé Àtẹ̀gùn, ó sì dorí kọ ilé. Níwájú Ilé Àtẹ̀gùn gan-an ni wọ́n fa ìlà àwọ̀ ìyeyè sórí ọ̀nà. Lẹ́yìn ìlà náà, ní apá ìgboro, ojú ọ̀run Ìdànrè kún bí ojú títì. Àwọn dírónù agbérù ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n gbé oúnjẹ, wọ́n gbé aṣọ, wọ́n gbé oògùn, wọ́n ń sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lórí òrùlé kálukú. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò tilẹ̀ gbọ́ ìkùn wọn mọ́. Ní apá ibí, láàárín àwọn àpáta ńlá, Àdúgbò Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ẹyẹ nìkan ló ń fò níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń kó ẹrù, bàtà aṣọ ni gbogbo èèyàn ń wọ̀, ẹ̀rọ tó ń rọra tẹ iṣu ni wọ́n sì fi ń ṣe iyán, láìsí odó, láìsí ọmọ odó.

Kọ́pùrà Ṣówándé, olórí agbo-ilé wọn, jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń rán aṣọ mọ́ etí ilẹ̀kùn kó má baà máa gbá.

"Ẹ tún ti ibẹ̀ ń bọ̀, Sájẹ́ǹtì," ló wí. Ohùn jẹ́jẹ́ ni gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

"Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀, Kọ́pùrà."

"Wọ́n fẹ́ fi yín ṣe àpẹẹrẹ ni. Bí ara yín bá ti lè gbà á, wọ́n á ní ti gbogbo wa náà lè gbà á. Wọ́n á wá ní ká jáde."

"Adétùtù ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kò lè sọ ọ́ fún yín." Ó fi eyín já òwú. "Ibi tó dákẹ́ la wà. Mò ń sùn, mò ń jẹun, mi ò lu ìyàwó mi lójú oorun mọ́. Ṣé àìsàn wá nìyẹn?"

 Ìbíwùmí náà ń sùn níbí.

"Ẹ lọ wo ọkọ yín," ni Ṣówándé wí. "Mo kí i, kò dìde."

Abẹ́ igi máńgòrò ló ti bá Akínlàjà, ó fẹ̀yìn ti igi, ètè rẹ̀ funfun. Kì í ṣe sójà. Olùkọ́ orin ni nílé ẹ̀kọ́ kan ní Oǹdó kí ìyàwó rẹ̀ tó ti ogun dé. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bá a wá síbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti kọrin sókè.

"Bọ̀dá, kí ló dé?" Bọ̀dá ló ti ń pè é láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra sọ́nà.

"Oòrùn ni."

"Abẹ́ ibòji lẹ wà."

"Ibòji náà gbóná." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

Ìbíwùmí jókòó tì í. Dókítà ti sọ ọ́ fún wọn: iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Bó bá dí lójijì, abẹ́rẹ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ wọ ara rẹ̀ kíákíá. Kẹ̀kẹ́ nọ́ọ̀sì kò ní lè tètè dé. Ibi tí agbérù ti lè bà sílẹ̀ ni kí wọ́n lọ gbé.

"Bí mo bá ti lè gbé ọwọ́ yìí sókè báyìí, a ó kó jáde," ni Ìbíwùmí wí.

"Ta ló bẹ̀ ọ́ pé kó o jáde? Nígbà tá a wà níta, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lò ń sùn. Orí ilẹ̀ lèmi náà ń dùbúlẹ̀ sí kí n lè mọ̀ bóyá ò ń mí. Mi ò fẹ́ rí ìyẹn mọ́."

"Bó bá wá ṣẹlẹ̀ sí yín ńkọ́?"

"Bó bá ṣẹlẹ̀, ó ṣẹlẹ̀. Má fa okùn yẹn nítorí mi, Ìbí. Ro ti àwọn tó wà nínú àwọn ilé wọ̀nyí."

Ìbíwùmí gbójú sókè. Okùn pupa tí wọ́n fi ń pe dírónù oògùn wọ àdúgbò rọ̀ sára ògiri agbo-ilé, wọ́n fi òǹtẹ̀ òjé dè é mọ́lẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: ẸNI TÓ BÁ FÀ Á TI ṢÍ OJÚ Ọ̀RUN. ẸNI TÓ BÁ ṢÍ OJÚ Ọ̀RUN KÒ NÍ ILÉ NÍBÍ MỌ́. Kò ṣèlérí fún ọkọ rẹ̀. Omi ló lọ bù wá fún un.

Òwúrọ̀ ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀, nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Akínlàjà ń gé ilá sínú àwo. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó bíi pé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú un, ó sì ṣubú lulẹ̀. Nígbà tí Ìbíwùmí fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti di àyà mú, òógùn ti bò ó, ojú rẹ̀ sì ń wá nǹkan tí kò sí níbẹ̀.

Ìbíwùmí sáré sẹ́nu ọ̀nà agbo-ilé. Ìyàwó Ṣówándé ń bọ̀ láti ibi omi.

"Nọ́ọ̀sì dà?"

"Ó ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ àpáta. Ó ń gbẹ̀bí."

Ìbíwùmí padà. Ó dúró síwájú okùn náà. Ó mọ ẹni tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó wà ní kọ̀rọ̀ kò tíì jáde sí gbangba láti ọjọ́ tó ti dé. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń gbọ̀n bí àwo bá já. Ṣówándé wà nínú ilé tirẹ̀, ó ń sùn, nítorí òun ló ṣọ́ géètì mọ́jú. Ó mọ gbogbo èyí bó ṣe di okùn náà mú. Ó sì fà á.

Òǹtẹ̀ òjé náà já, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀ka gbígbẹ lọ. Gbogbo fèrèsé agbo-ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ohùn obìnrin kan jáde láti inú ògiri, ó ní kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn.

"Ọkàn ni! Ọkàn ló dá a dúbúlẹ̀!"

"Ó ti ń bọ̀. Ẹ dúró sí gbangba, kì í ṣe abẹ́ igi. Àtẹ́lẹwọ́ èèyàn nìkan ló ń gbé oògùn lé. Bí kò bá rí ọwọ́, á padà."

Ó gbọ́ ọ kó tó rí i. Dírónù náà gba orí àpáta wá, ó ń kùn, ìkùn rẹ̀ sì nípọn ju ti ẹ̀rọ Adétùtù lọ fíìfíì. Nígbà tí Ìbíwùmí máa fi mọ ibi tó wà, ó ti ká kò sábẹ́ bẹ́ǹṣì tó wà lára ògiri, eékún rẹ̀ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó sì ń gbóòórùn ẹ̀pà. Kò sí ẹ̀pà kankan nínú agbo-ilé náà.

Láti abẹ́ bẹ́ǹṣì ló ti ń wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Bàtà aṣọ kan ti bọ́. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yẹn ń mì díẹ̀díẹ̀.

"Àwọ̀ ewé ni," ló wí sókè. "Ó ní apá mẹ́fà. Ìdànrè nibí. Òwúrọ̀ ni. Ilá ló wà nílẹ̀ yẹn." Ó ń sọ ọ́ lọ. "Bàtà Bọ̀dá ni. Ìdànrè nibí."

Ẹ̀rù náà kò dínkù. Ó ti rò pé á dínkù. Ṣe ló ń ga sí i, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sì pupa bí ata. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rá jáde kúrò lábẹ́ bẹ́ǹṣì, tó fi ọwọ́ àti eékún dé àárín gbangba, tó sì nàró. Afẹ́fẹ́ apá ẹ̀rọ náà ń gbọn ìró rẹ̀. Ó ní kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ sókè, ọwọ́ náà kọ̀. Ó wá fi ọwọ́ òsì di ìgúnpá ọ̀tún mú, ó sì gbé e sókè bí ẹni ń gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi kọjú sí ojú ọ̀run.

Kò kú.

Ohun tútù kan bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó di í mú, ó sì sáré. Ó sáré lábẹ́ dírónù. Ó já abẹ́rẹ́ náà jáde, ó fi í gún itan ọkọ rẹ̀ láti orí ṣòkòtò, ó tẹ̀ ẹ́ títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà ó lẹ bébà tó bá a wá mọ́ ọn láyà. Ẹ̀rọ náà kò lọ. Ó dúró lókè wọn, ó ń fi bébà náà ka ọkàn Akínlàjà, ìkùn rẹ̀ sì bo gbogbo agbo-ilé. Ìbíwùmí jókòó sílẹ̀, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan, ó sì di í mú títí ojú ọkùnrin náà fi mọ̀ ọ́n.

"O fà á," ni Akínlàjà wí.

"Ẹ má sọ̀rọ̀."

Nígbà tí ẹ̀rọ náà lọ, wọ́n wá gbọ́ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àwọn fèrèsé. Ọmọ tuntun ń ké. Ẹnì kan ń fi orí gbá ògiri. Nínú ilé rẹ̀, Ṣówándé ń pariwo orúkọ àwọn èèyàn, ó ń ní kí wọ́n dùbúlẹ̀. Kò sí ẹni tó wà ní àdúgbò náà mọ́ nínú wọn, ojú ogun ni ọkàn wọn ti padà sí.

Abẹ́ àpáta ni wọ́n ti pe ìpàdé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kò sẹ́ni tó gbé ohùn sókè. Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ ní kò sí ẹni tó sọ pé Sájẹ́ǹtì ṣe ibi, òfin ni òfin sì jẹ́. Ọkùnrin tó ń gbé ní kọ̀rọ̀ kò jẹun mọ́, wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ṣówándé jókòó síwájú, wọ́n fi báńdéèjì wé iwájú orí rẹ̀ níbi tó ti fi gbá irin bẹ́ẹ̀dì.

"Mo ti kúrò ní Adágún," ló wí. "Ó pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dá mi padà síbẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Ìbíwùmí wí.

"Ṣé ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó fà á?"

"Mo mọ̀. Mo sì fà á. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, màá tún fà á, Kọ́pùrà."

 Ṣówándé mi orí, kò sì yé ẹnikẹ́ni bóyá ìbínú ni tàbí nǹkan mìíràn. Wọ́n ní kí Ìbíwùmí gbé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

Adétùtù wá kí wọn nílé. Ó wo ẹ̀gbà ọwọ́ Ìbíwùmí, ó bi í bó ṣe rí.

"Mi ò gun àtẹ̀gùn yín," ni Ìbíwùmí wí. "Ẹ̀rù ń bà mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò dínkù rárá."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe."

"Ìyẹn náà ni mo ń kọ́ yín," ni Adétùtù wí. "Nígbà tẹ́ ẹ bá délé tuntun, ẹ ṣì máa wá. Iṣẹ́ pọ̀ tó kù."

Àṣà àdúgbò náà ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ń kó lọ, gbogbo agbo-ilé ló máa ń bá a fi ọwọ́ kó ẹrù dé ìdí ìlà. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n ń lọ, ẹnikẹ́ni kò jáde. Ìbíwùmí ń kó àwọn ẹrù náà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Akínlàjà sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà nítorí wọ́n ti ní kó má gbé nǹkan wúwo. Ó kù fóòmù. Bí Ìbíwùmí ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ká a, Ṣówándé wọlé. Kò kí wọn. Ó ká fóòmù náà, ó gbé e rù, ó sì jáde.

Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí kò ní awakọ̀ dúró dè wọ́n ní òdìkejì ìlà, kò jìnnà. Akínlàjà kọjá, ó gun orí rẹ̀, ó jókòó sáàárín àwọn ìkòkò. Ìbíwùmí náà kọjá. Ìkùn náà bò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ó dúró sójú kan, ó jẹ́ kó máa lù. Àwọn èèyàn ìgboro ń yà fún un, wọ́n ń lọ.

Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Ṣówándé ṣì wà lórí ìlà, fóòmù lórí rẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́ síbẹ̀, Kọ́pùrà. Èmi á wá gbé e."

Ọkùnrin náà kò sọ ọ́.

"Nígbà tẹ́ ẹ gbé ọwọ́ yẹn," ló wí, "báwo ló ṣe rí lára yín?"

"Bíi pé mo ti kú."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà mo rí i pé mi ò tíì kú. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n mo rí i."

Agbérù kan fò kọjá nítòsí ilẹ̀, ó ń lọ sórí òrùlé kan. Ṣówándé di ojú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóòmù mú. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ìkùn yẹn fi jìnnà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, láìla ojú, ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ìlà, ó gbé èkejì, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ bí ẹni tó wà nínú odò tí kò mọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀, títí orí fóòmù fi gbá kẹ̀kẹ́ ẹrù.

Ó sọ fóòmù náà sórí kẹ̀kẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí kẹ̀kẹ́ mú, ó dorí kodò, ó ń mí bí ẹni tó sáré. Kò padà. Ìbíwùmí lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Akínlàjà ti ìkòkò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sún, àyè èèyàn kan sì ṣí sílẹ̀ lórí pákó kẹ̀kẹ́ náà.

"Mi ò bá yín lọ síbì kankan o," ni Ṣówándé wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Mo kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni."

"Ẹ jókòó," ni Akínlàjà wí.

Ó jókòó.